Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́: Bíà tó ti wà kí bíà tó dé

Níbi ìnáwó kan lọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Àwa mẹ́ta la jókòó yí tábìlì kan ká, ìgò wà níwájú wa, yìnyín kún inú ike, ni ọ̀kan nínú wa bá ní, "Àwa Yorùbá ò ní bíà o. Ẹmu la ní. Òyìnbó ló kó bíà wá." Kò sẹ́ni tó já a níyàn. Màmá àgbà kan tí wọ́n jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ni wọ́n kàn rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ńkọ́?"

Gbogbo wa la ti gbọ́ orúkọ yẹn rí. Ṣùgbọ́n ká tọ́ ọ wò kẹ̀? Kò sẹ́nì kankan. Ojú tì wá díẹ̀, ká má parọ́.

Ẹ gbọ́ ná, kí ló ń jẹ́ bíà gan-an? Ẹ gbàgbé ìgò àti ìdérí ẹ̀. Ọtí tí wọ́n fi ọkà pọn ni bíà. Ẹmu yàtọ̀: adùn ti wà nínú ẹ̀ látorí ọ̀pẹ, kó tó délẹ̀ ló ti ń hó. Ọkà ò rí bẹ́ẹ̀. Sítáàṣì ló kún inú ọkà, ìwúkàrà ò sì lè jẹ sítáàṣì. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọkà ṣe ọtí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tan ọkà náà jẹ: á rẹ ẹ́ sómi, á jẹ́ kó rò pé wọ́n ti gbin òun, á sì hù. Bó ṣe ń hù ni sítáàṣì inú ẹ̀ á máa di ṣúgà tí èéhù kékeré yẹn fẹ́ jẹ. Ìgbà náà la máa já a gbà lẹ́nu ẹ̀. Ohun tí àwọn ará Jámánì ń fi ọkà báálì ṣe nìyẹn, òun náà sì ni àwọn ìyá wa ń fi àgbàdo ṣe. (Ní 1516, àwọn aláṣẹ Bavaria ṣòfin pé ọkà báálì, hops àti omi nìkan ló gbọ́dọ̀ wọnú bíà. Òfin tiwọn nìyẹn, wọn ò fi de àgbàdo wa.)

Àgbàdo tó bá ti rẹ dáadáa, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí ewé, wọ́n á fi ewé mìíràn bò ó, wọ́n á máa wọ́n omi sí i títí á fi hù. Wọ́n á sá a sóòrùn, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sè é, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á wá fi sílẹ̀ kó kan. Kò sẹ́ni tó ń ra ìwúkàrà. Inú ìkòkò tí wọ́n fi pọn ti ìjẹta ló ti ń wá. Àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ìn-tín tó ń mú ọ̀gì kan náà á bá wọn dá sí i, ìdí nìyẹn tí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ fi ń ta lẹ́nu, tó tún dùn díẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀. Kò le bí ògógóró. Àwọn ọlọ́ṣun mọ̀ ọ́n dáadáa, torí ó wà lára ohun tí wọ́n fi ń bọ Ọ̀ṣun.

Kì í ṣe òun nìkan ló wà. Ọtí bàbà ń bẹ, ọkà bàbà ni wọ́n fi ń pọn ọ́n, òun làwọn Hausa ń pè ní burukutu. Ní àríwá Benin àti Togo, àwọn obìnrin ṣì ń pọn irú ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní tchoukoutou, igbá ni wọ́n fi ń bù ú fún èèyàn lọ́jà. Nígbà tí Hugh Clapperton gba Badagry wọlé ní ìparí 1825, tó forí lé Ọ̀yọ́-Ilé, ó mẹ́nu ba ọtí ọkà kan tó pè ní pitto nínú ìwé ìrìnàjò ẹ̀. Ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ lẹ́yìn náà kí ìgò bíà àkọ́kọ́ tó jáde l'Ékòó.

Ṣùgbọ́n Cuba ló yà wá lẹ́nu jù. Ogun tó tú Ọ̀yọ́ ká ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún sọ ọ̀pọ̀ èèyàn wa di ẹrú tí wọ́n kó lọ sọ́hùn-ún. Ta ló máa rántí ọtí nínú irú ìyà bẹ́ẹ̀? Wọ́n rántí. Títí dòní, àwọn olórìṣà ibẹ̀ ń ṣe ohun mímu kan tó ń jẹ́ cheketé: àgbàdo, omi ọsàn kíkan, ṣúgà pupa, wọ́n á wá fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Ó ti yàtọ̀ sí tilé, àmọ́ ẹ pe orúkọ yẹn sókè kẹ́ ẹ gbọ́ ọ. Ohun tó tún pa wá lẹ́rìn-ín ni pé ọ̀hún ni àgbàdo fúnra ẹ̀ ti wá. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti sọdá bá wa, lẹ́yìn tí Columbus débẹ̀ ní 1492. Torí náà, ẹni tó bá ní ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ti wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ń sọ àsọdùn. Ó jọ pé ọtí bàbà ló jẹ́ ẹ̀gbọ́n fún un.

Kí ló wá pa á? Àwọn kan á ní ìjọba amúnisìn ni. Ìjọba amúnisìn gbógun ti ògógóró lóòótọ́, ṣùgbọ́n lójú tiwa, ìgò àti ọkọ̀ ẹrù ló pa ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Ní 1946 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ Nigerian Brewery sílẹ̀, ní 1949 ni Star àkọ́kọ́ jáde l'Ékòó. Hops wà nínú bíà ìgò. Hops ló ń mú un korò, òun náà ni kì í jẹ́ kó tètè bàjẹ́. Ẹ lè kó o láti Èkó dé Kano. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ò ní hops, kíkan ló ń kan sí i lójoojúmọ́, tó bá fi máa pé ọ̀sẹ̀ kan, ẹnu ò gbà á mọ́. Ọtí àdúgbò ni. Ìgbà tí wọ́n sì wá ń fi ìgò orí tábìlì mọ olówó, ta ló máa fi igbá gbàlejò?

Ìtàn ọ̀hún wá yí bìrí. Ní 1988, òfin ìjọba àpapọ̀ tó ní kí wọ́n má kó ọkà báálì wọ̀lú mọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ bíà sáré wá nǹkan mìíràn, kí ni wọ́n rí? Ọkà bàbà àti àgbàdo! Irúgbìn ọkà bàbà kan láti Samaru ní Zaria, tí wọ́n ń pè ní SK5912, di ààyò àwọn apọntí. Àfi bíi pé kí wọ́n lọ bi àwọn obìnrin tó ti ń fi ọkà yìí pọntí tipẹ́. Wọn ò bi wọ́n. Agbára ọkà bàbà láti sọ sítáàṣì ara ẹ̀ di ṣúgà kéré sí ti báálì, ni wọ́n bá ń ra enzyme láti òkè òkun kún un, kí bíà náà lè jáde bí ó ṣe ń jáde tẹ́lẹ̀: pupa rẹ́súrẹ́sú, tó mọ́ gaara. Wọ́n tú òfin náà ká ní ìparí àwọn ọdún 1990, ṣùgbọ́n ọkà bàbà ò kúrò. Ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ti mu ún lánàá. Ọkà bàbà wọlé, ọtí bàbà dúró síta. Ohun tó ń bí wa nínú nìyẹn.

Ìdí tó ń pa ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ nígbà yẹn, pé kì í pẹ́, ti ní oògùn báyìí, fíríìjì lásán ni. Ohun tó kù báyìí ni ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. A gbìyànjú ẹ̀ nílé: kóńgò àgbàdo méjì, a rẹ ẹ́, a dì í sínú ọ̀rá. Ọjọ́ kẹta, ó bu funfun, òórùn ẹ̀ gba gbogbo ilé, a dà á nù. A padà lọ bá màmá. Wọ́n ní àwọn ò pọn ọ́n rí fúnra àwọn, ìyá àwọn ló ń pọn ọ́n tà, iṣẹ́ tàwọn ni kí àwọn máa wọ́n omi. Ṣùgbọ́n wọ́n rántí pé kò gbọdọ̀ sí ọ̀rá, pé ewé ni kó mí lábẹ́ ẹ̀, pé ká máa fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án, bó bá ti ń gbóná ká tú u ká.

Nígbà kejì, ó hù. A sè é, a sẹ́ ẹ, a fi sílẹ̀ di ọjọ́ kẹta, a gbé ife kan lọ fún wọn. Wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n dákẹ́ díẹ̀.

"Ó ti kan jù," ni wọ́n wí. Wọ́n sì tún na ife náà sí wa pé ká bu òmíràn.