Ìlù tí Ìjọ Kọ̀: Ìtàn Ẹgbẹ́ Òṣèré Dúró Ládiípọ̀ ní Òṣogbo

Kókó tí mo fẹ́ kí a jùmọ̀ yẹ̀ wò ni pé àtakò lórí ìlù ni ó ṣínà fún ẹgbẹ́ òṣèré olórin tí Òṣogbo fi di ìlú olókìkí.

Hubert Ògúnńdé ni ó kọ́kọ́ la ọ̀nà. Ní ọdún 1944 ni ó ti gbé eré lórí Ọgbà Édẹ́nì kalẹ̀ ní Èkó fún ìjọ Aládùúrà kan. Dúró Ládiípọ̀, tíṣà tí bàbá rẹ̀ jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọ Áńgílíkà, gba inú ṣọ́ọ̀ṣì wá bákan náà. Ní 1961, ó ṣe orin Àjíǹde fún Ṣọ́ọ̀ṣì All Saints ní Òṣogbo, ó sì fi ìlù Yorùbá sí i. Àwọn kan nínú ìjọ fárígá. Lójú wọn, ìlù abọ̀rìṣà kò yẹ ilé Ọlọ́run. Ládiípọ̀ kò ju ìlù nù. Ó gbé e jáde.

Ní oṣù kẹta ọdún 1962, òun àti Ulli Beier àti àwọn mìíràn ṣí Mbárí Mbáyọ̀ ní Òṣogbo. Ọ̀rọ̀ Ìgbò ni Mbárí, ṣùgbọ́n etí Yorùbá gbọ́ ọ bí ẹni pé, "Bí mo bá rí i, ǹ bá yọ̀." Níbẹ̀ ni Ọba Mọ́rọ̀ ti jáde, Ọba Kò So àti Ọba Wàjà tẹ̀ lé e.

Ìtàn Ṣàngó, Tìmì àti Gbọ̀ọ́nkáà tí ó wà nínú Ọba Kò So kì í ṣe tuntun. Ohun tí ó jẹ́ tuntun ni pé oríkì, ọfọ̀ àti bàtá ni ó gbé eré náà ró. Bàtá kì í ṣe ọ̀ṣọ́ ẹ̀yìn orin níbẹ̀. Òun náà ń sọ̀rọ̀. Ládiípọ̀ fúnra rẹ̀ ṣe Ṣàngó, Abíọ́dún aya rẹ̀ ṣe Ọya. Ní 1964 wọ́n ṣe é ní Berlin. Ní 1965 wọ́n gbé e dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ládiípọ̀ papòdà ní 1978. Lónìí, gángan ń dún nínú ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà, ìjà àná sì ti parí. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ka Ọba Kò So lórí ìwé nìkan, láìgbọ́ ohùn bàtá, ti tún lé ìlù jáde lẹ́ẹ̀kejì. Iṣẹ́ àwa olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni láti dá a padà sí àyè rẹ̀.