Ọjọ́ Mélòó Ló Kù? Ìtàn Kàlẹ́ńdà Ádífẹ́ǹtì



Ní oṣù Kejìlá tó kọjá, wọ́n sún ìdánwò wa síwájú, ó sì di dandan kí a wà ní họ́sítẹ́ẹ̀lì títí di ọjọ́ 23. Nígbà náà ni ọ̀kan nínú wa gbé páálí pupa kan wọ yàrá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fi ránṣẹ́ láti ìlú òyìnbó. Ilẹ̀kùn kéékèèké 24 wà lójú rẹ̀, ṣokoléètì kọ̀ọ̀kan sì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan. Kàlẹ́ńdà Ádífẹ́ǹtì ni wọ́n ń pè é. Láti ọjọ́ kìíní oṣù náà, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló yẹ kí a máa ṣí lójúmọ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, a ti jẹ ẹ́ tán pátápátá. Páálí òfìfo yẹn ló mú wa wádìí ibi tí nǹkan náà ti ṣẹ̀. Ohun tí a rí ni pé nígbà tó bẹ̀rẹ̀, kò sí ṣokoléètì nínú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń tà á.

Ádífẹ́ǹtì ni àkókò tí ìjọ Kristẹni yà sọ́tọ̀ ṣáájú Kérésìmesì, láti ọjọ́ Ìsinmi kẹrin ṣáájú ọdún. Àwọn ọmọ Áńgílíkà àti Kátólíìkì inú wa mọ̀ ọ́n dáadáa. Ní Jámánì ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ohun tó ń dààmú àwọn òbí nínú ìjọ Luther kò yàtọ̀ sí ti gbogbo ilé tí ọmọdé wà: "Ọjọ́ mélòó ló kù?" Kí ọmọ má baà fi ìbéèrè pa wọ́n, àwọn kan á fi ẹfun fa ìlà 24 sára ilẹ̀kùn, ọmọ á máa nu ẹyọ kan kúrò lójoojúmọ́. Àwọn mìíràn á máa fi koríko gbígbẹ, ẹyọ kan lóòjọ́, tẹ́ ibùjẹ ẹran kékeré tí wọ́n gbẹ́ fún Jésù ọmọ ọwọ́. Ìyá àgbà ilẹ̀ wa tí kò kàwé, tó ń fi èédú fa ìlà sára ògiri kí gbèsè oníbàárà má baà di àríyànjiyàn, kò ní í béèrè ìtumọ̀ ìlà ẹfun yẹn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Iye rẹ̀ nìkan ló lè bá wọn jà sí. Àwa a máa ka òní mọ́ ọjọ́, òun ló fi jẹ́ pé òní di ọjọ́ mẹ́jọ ni ọ̀sẹ̀ kan lẹ́nu wa. Ní Jámánì, 24 ló parí sí, torí pé alẹ́ ọjọ́ 24 ni wọ́n ń pín ẹ̀bùn.

Ẹni tí ìtàn rẹ̀ wọ̀ wá lọ́kàn jù ni Johann Hinrich Wichern. Lọ́dún 1833, ó dá ilé kan sílẹ̀ nítòsí Hamburg, Rauhes Haus, fún àwọn ọmọ tálákà tí kò rí olùtọ́jú. Lọ́dún 1839, nígbà tí àwọn ọmọ náà ò yé béèrè ìgbà tí Kérésìmesì máa dé, ó mú ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ẹrù onígi kan, ó to àbẹ́là yí i ká: kéékèèké pupa fún ọjọ́ iṣẹ́, ńláńlá funfun 4 fún àwọn ọjọ́ Ìsinmi. Ọ̀kan ni wọ́n ń tàn kún un lójoojúmọ́. Oṣù Kejìlá lọ́hùn-ún, òru ń gùn sí i ni, ìmọ́lẹ̀ sì ń pọ̀ sí i nínú ilé àwọn ọmọ aláìní wọ̀nyí. Ẹ̀yìn náà ni wọ́n wá ń fi ẹ̀ka igi tí ewé rẹ̀ kì í rẹ̀ nígbà òtútù ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́.

Igi àti ewé kò jìnnà sí kíka ọjọ́ yìí. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá, tí í ṣe ọjọ́ Bàbárà Mímọ́, àwọn ará Jámánì àti Austria a máa gé ẹ̀ka igi ṣẹ́rì, wọn a fi sínú omi nínú ilé. Tó bá bọ́ sí i, á tanná lọ́jọ́ Kérésìmesì. Kàlẹ́ńdà nìyẹn náà, igi ló kàn ń bá wọn kà á.

Bí ó ṣe di ọjà ni pé ìyá kan ní Maulbronn to bisikíìtì kéékèèké 24 sára páálí fún ọmọ rẹ̀. Gerhard Lang, tí wọ́n bí lọ́dún 1881, ni ọmọ yẹn. Nígbà tó dàgbà, tó di atẹ̀wé ní Munich, ó rántí páálí ìyá rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ kàlẹ́ńdà aláwòrán ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. (Agbègbè Württemberg tí Maulbronn wà náà ni David Hinderer ti wá, òjíṣẹ́ CMS tí òun àti Anna ìyàwó rẹ̀ fi Ìbàdàn ṣe ilé lọ́dún 1853. Ṣùgbọ́n kàlẹ́ńdà títẹ̀ kò tíì sí nígbà yẹn, ẹ má gbà fún ẹni tó bá ní àwọn ló mú un wá.)

Lákòókò Ogun Àgbáyé Kejì, bébà di ọ̀wọ́n ní Jámánì. Ẹgbẹ́ Násì wá tẹ tiwọn fún àwọn ọmọdé. Wọ́n yọ ibùjẹ ẹran kúrò, ìtàn àtijọ́ àwọn ará Jámánì àti àwòrán ọmọ ogun ló rọ́pò rẹ̀. Ohun tó dùn wá níbẹ̀ ni pé ìwé yẹn kan náà ń kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe lè fọwọ́ ara wọn ṣe ọ̀ṣọ́. A ti ń rò ó tẹ́lẹ̀ pé ohun àfọwọ́ṣe kò lè ní àbàwọ́n. Lọ́dún 1946, ní Stuttgart tí bọ́ǹbù ti wó, Richard Sellmer gba àṣẹ lọ́dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń ṣàkóso ibẹ̀, ó sì tẹ kàlẹ́ńdà tó pè ní Ìlú Kékeré: ìlú tí gbogbo ilé rẹ̀ dúró ṣinṣin. Ní nǹkan bí ọdún 1953, àwòrán àwọn ọmọ-ọmọ Ààrẹ Eisenhower pẹ̀lú irú rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà, ọjà Sellmer sì gbòòrò. Ní 1971, Cadbury gbé tirẹ̀ jáde ní Britain. Ibi tí a ti pàdé rẹ̀ nìyẹn.

Nínú yàrá wa, ilẹ̀kùn 22 ló ṣófo. Ìyá ọ̀kan nínú wa fi ewé tíì gbígbẹ àti atalẹ̀ rán awakọ̀ sí i. A ra kànáfùrù àti ìsápá lọ́jà, a sì sá èèpo ọsàn sójú fèrèsé. Díẹ̀díẹ̀ ni a wé wọn sínú bébà, a fi wọ́n dí ojú ihò, a sì lẹ àwọn ilẹ̀kùn padà. Lálaalẹ́, lẹ́yìn ìwé kíkà, ẹni tó bá kàn á ṣí ilẹ̀kùn kan, a ó se ohun tó wà níbẹ̀ mu. Ó ṣòro kí a sọ pé ó dùn lójoojúmọ́. Alẹ́ tí ó jẹ́ kànáfùrù nìkan kò ṣeé gbàgbé. Ní ọjọ́ 4, a gé ẹ̀ka gúáfà, a fi sínú omi bíi ti Bàbárà Mímọ́. Ọjọ́ kẹta ló rọ. Ìgbà tó yá la kà pé igi ṣẹ́rì ní láti kọ́kọ́ rí òtútù kó tó lè tanná. Ibo ni kí gúáfà wa ti rí òtútù?

A lọ sílé ní ọjọ́ 23. Nígbà tí a padà dé ní oṣù Kìíní, ilẹ̀kùn ìkẹyìn ṣì wà ní títì. Ewé tíì ìyá rẹ̀ ló wà níbẹ̀. A gbé omi kaná.