Àfòmọ́ Orí Kọ̀ǹpútà

Orúkọ ìlú Dassa-Zoumè ní Benin fúnra rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ ìtumọ̀, nítorí pé Ìdàáṣà ni àwọn ọmọ ìlú náà ń jẹ́ kí ẹnu Fọ̀n àti ti Faransé tó sọ ọ́ di Dassa, 'zoumè' tí wọ́n fi kún un sì túmọ̀ sí 'nínú igbó' ní èdè Fọ̀n. Láàárín àwọn òkè ibẹ̀, tí wọ́n máa ń kà sí 41, èdè Faransé ni àwọn ọ̀dọ́ fi ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, lojisíẹ̀lì sì ni wọ́n ń pe ohun tí ẹlẹgbẹ́ wọn ní Ìbàdàn ń pè ní sọ́fúwíà, bẹ́ẹ̀ ìyá kan náà ló bí èdè àwọn méjèèjì. Ọ̀rọ̀ àyálò kì í sábà kọjá ààlà tó wà láàárín wọn. Ọ̀rọ̀ tí a bá fi igi inú oko ṣẹ̀dá lè kọjá.

Ẹ jẹ́ ká fi ohun èlò orin ṣe àpẹẹrẹ. Ní 1983 ni Yamaha ti Japan gbé DX7 jáde, dùùrù oníná tó ń fi ìṣirò ṣẹ̀dá ohùn láìnílò kọ̀ǹpútà; ní 1996 ni Steinberg ní Jámánì gbé VST kalẹ̀, ìlànà tí ẹ̀dà rẹ̀ kejì, ní 1999, jẹ́ kí irú dùùrù bẹ́ẹ̀ máa gbé inú ètò ìgbohùnsílẹ̀ orí kọ̀ǹpútà. Àwọn kan a máa pe èyí àkọ́kọ́ ní àfojúrí, ìkejì ní àìrídìmú, ọ̀rọ̀ tó dùn létí ṣùgbọ́n tí kò bá ibí yìí mu, torí pé àṣẹ tí ọwọ́ kò lè dì mú wà nínú DX7 náà. Ohun tó yà wọ́n ni ẹni tó ni ọpọlọ tó ń ṣe ìṣirò. Èyí tó ní ọpọlọ tirẹ̀ yẹ ká pè ní ẹ̀rọ adádúró, bí wọ́n ṣe ń pe olùdíje tí kò sí lábẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú kankan.

Bí wọ́n bá pe ìkejì ní 'àkìbọ̀', àwòrán Gẹ̀ẹ́sì, 'plug-in', ni wọ́n yá. Àfòmọ́ ló tọ́ sí i, ewéko tó ń hù lórí ẹ̀ka igi òrí tàbí igi obì, tí kò ní gbòǹgbò nínú ilẹ̀, tó sì ń mu omi ara igi náà. Àwọn onímọ̀ gírámà ti lò ó tipẹ́ fún ohun tí wọ́n ń so mọ́ ọ̀rọ̀, kò sì pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín. Òótọ́ ni pé ọ̀tá ni àgbẹ̀ kà á sí, àmọ́ oníṣègùn a máa já a fún àgbo. Bí àfòmọ́ bá pọ̀ lórí igi kan, igi náà lè gbẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìṣirò kì í parí lásìkò nígbà tí àfòmọ́ bá pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà kan, tí ohùn á sì máa ta pàràpàrà. Láti dènà èyí, kọ̀ǹpútà a kọ́kọ́ pọn nọ́ńbà ohùn sínú àmù kó tó bù ú jáde. Bí àmù náà bá gba nọ́ńbà 512 nínú 44,100 tí ohùn ń ná ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìdádúró náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 12 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá, ọwọ́ onílù sì lè mọ̀ pé ohùn ń tẹ̀ lé òun lẹ́yìn.

Universal Audio ti Amẹ́ríkà wá ṣe páálí oníná tó ń gbé ọpọlọ tirẹ̀ wọ inú kọ̀ǹpútà, tí àfòmọ́ sì ń ti ibẹ̀ jẹun dípò ara igi. Àfòmọ́ tó ní gbòǹgbò tirẹ̀ rèé, àgbẹ̀ Ìdàáṣà kò sì tíì rí irú rẹ̀ lóko.