Ibi tí Kámẹ́rà Kún Dé: Wíwọn Ìkúndẹ́nu Àwòrán Ojú Ọ̀run ní Òṣogbo àti Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà

Bí a bá gbé kámẹ́rà kọjú sí Àgùàlà nírọ̀lẹ́ ní Iléṣà, tí a sì ṣí i sílẹ̀ títí àwọn ìràwọ̀ wẹ́wẹ́ tó yí i ká fi hàn, Àgùàlà fúnra rẹ̀ á wú, á di kìkì funfun. Ìmọ́lẹ̀ àwọn ìràwọ̀ wẹ́wẹ́ náà ṣì ṣeé wọ̀n láti inú àwòrán yẹn. Ti Àgùàlà kò ṣeé wọ̀n mọ́, nítorí àwọn píkísẹ́lì tó gbà á ti kún dẹ́nu. Ohun tí mo ń jà fún níhìn-ín ni pé ibi tí kámẹ́rà kún dé kì í ṣe iye tí a ń kà nínú ìwé tó bá a wá láti ilé iṣẹ́. Olùwádìí ló gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ́n fúnra rẹ̀, lórí kámẹ́rà tirẹ̀, níbi tó ti ń lò ó.

Willard Boyle àti George Smith ló hùmọ̀ CCD, ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà, ní Bell Labs lọ́dún 1969, iṣẹ́ tó mú kí wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2009. Ìmọ́lẹ̀ tó bá bà lé píkísẹ́lì á tú ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù sílẹ̀, píkísẹ́lì á kó wọn jọ, ẹ̀rọ á sì sọ iye wọn di nọ́ńbà. Píkísẹ́lì ní iye tó lè gbà mọ. Nọ́ńbà náà ní ibi tó ń parí sí: 4,095 fún kámẹ́rà bíìtì 12, 16,383 fún ti bíìtì 14, 65,535 fún ti bíìtì 16. Òpin kẹta ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ṣọ́, òun ni ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti di ìlọ́po méjì tí nọ́ńbà kò sì di ìlọ́po méjì mọ́. Òpin yìí sábà máa ń ṣáájú àwọn yòókù.

Àwọn kan á ní kò sí wàhálà níbẹ̀, kí a sáà máa wá 65,535 nínú àwòrán. Ká wo píkísẹ́lì kan tó ti kún dé 65,535. A yọ iye tí kámẹ́rà ń kọ nínú òkùnkùn kúrò, ká ní 1,200, ó ku 64,335. A tún fi àwòrán ojú funfun, èyí tó ń fi hàn bí píkísẹ́lì kọ̀ọ̀kan ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sí, pín in, tí ti píkísẹ́lì yẹn jẹ́ 1.1, ó di nǹkan bí 58,486. Píkísẹ́lì tó ti bàjẹ́ ti wá jọ èyí tó dára, aládùúgbò rẹ̀ tó kún bákan náà á sì gbé nọ́ńbà mìíràn, torí iye tí a fi pín tirẹ̀ yàtọ̀. Inú àwòrán tútù, tí a kò tíì fọwọ́ kàn, nìkan ni a ti lè mọ̀ wọ́n.

Wíwọn òpin kẹta náà kò béèrè ju ohun tí ènìyàn lè rí rà ní Òṣogbo: aṣọ funfun tí a ta bo ojú kámẹ́rà, àti gílóòbù LED tó ń lo bátìrì. Mo tẹnu mọ́ bátìrì, torí iná NEPA tó ń lọ sókè sódò á ba ìwọ̀n náà jẹ́ pátápátá. A ya àwòrán ní ìṣẹ́jú-àáyá 1, 2, 4, 8, bẹ́ẹ̀ lọ sókè, a sì ń padà sí 1 láàárín wọn láti mọ̀ pé gílóòbù kò yí padà. A yọ ti òkùnkùn kúrò, a wá fi iye ìṣẹ́jú-àáyá pín nọ́ńbà. Bí 4 bá mú 12,000 wá, tí 16 mú 48,000 wá, 3,000 ni ìpín méjèèjì, kò sí ìṣòro. Bí 20 bá wá mú 57,600 wá dípò 60,000, kámẹ́rà ti kọjá ibi tó ṣeé gbọ́kàn lé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 65,535 ṣì jìnnà. Ibi tí ìpín yẹn bá ti fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún já wálẹ̀ ni mo ń pè ní òpin. Ìwọ̀n ISO kọ̀ọ̀kan ló sì ní tirẹ̀.

Ojú ọjọ́ wa náà ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nínú kámẹ́rà tí kò ní ẹ̀rọ amúútutù, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tí ooru lásán ń tú sílẹ̀ ń di ìlọ́po méjì bí ìgbóná bá ti fi nǹkan bí ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì mẹ́fà sí méje lé sí i. Lóru oṣù Kẹta tí ooru máa ń mú, àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù yìí ti gba àyè nínú píkísẹ́lì kí ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ tó kó jọ. Ọyẹ́ ń fi eruku bo ìràwọ̀, nítorí náà iye àkókò tí a fi ya ìràwọ̀ kan láìséwu ní oṣù Kìíní lè mú un kún dẹ́nu nígbà tí òjò bá ti fọ ojú ọ̀run mọ́.

Kámẹ́rà tó ń wo ilẹ̀ láti òkè ní ìṣòro kan náà, ibẹ̀ ló sì ti kan àwọn tí kì í wo ìràwọ̀ rárá. Òṣogbo di olú ìlú Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ, 1991. Àkójọ àwòrán iná alẹ́ láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì DMSP, tí ọ̀pọ̀ olùwádìí fi ń díwọ̀n bí ìlú ṣe ń gbòòrò, bẹ̀rẹ̀ ní 1992, ọdún tó tẹ̀ lé e, ó sì parí ní 2013. Láti 0 dé 63 péré ni nọ́ńbà rẹ̀. Àárín ìlú tó bá ti dé 63, bí iná ibẹ̀ di ìlọ́po mẹ́ta, 63 náà ni yóò máa jẹ́. Olùwádìí tí kò bá mọ èyí á kọ ọ́ pé ìdàgbàsókè ti dúró. VIIRS, kámẹ́rà sátẹ́láìtì mìíràn tó gòkè lọ lọ́dún 2011, gbòòrò jù ú lọ dáadáa, ṣùgbọ́n kò lè tún ọdún tó ti kọjá wọ̀n.

Ohun tó kún kì í fi gbogbo ìgbà sọnù. Ronald Gilliland fi hàn lọ́dún 2004 pé nínú kámẹ́rà ACS ti awò awọ̀nàjíjìn Hubble, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó bá kún àkúnwọ́sílẹ̀ ń ṣàn sínú àwọn píkísẹ́lì tó wà lórí òpó kan náà. Bí a bá ro gbogbo wọn pọ̀, ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ náà ṣì máa pé. Àwọn kámẹ́rà ọjà tí a ń lò níhìn-ín kò rí bẹ́ẹ̀: wọ́n ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà da àkúnwọ́sílẹ̀ nù, ohun tó bá sì ti dànù kò ṣeé kó padà. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé, yálà ní Ilé-Ifẹ̀, ní Òṣogbo tàbí ní Iléṣà, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi fáìlì FITS, irú fáìlì tí a fi ń tọ́jú àwòrán ojú ọ̀run, ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn láìkọ òpin tó wọ̀n sí orí rẹ̀ lábẹ́ SATURATE, pẹ̀lú ISO àti ìgbóná alẹ́ ọjọ́ náà.