Ẹ̀rín Inú Ilé: Ta Ló Ń Sọ Ìtàn Ìyàwó Ilé, Láti Abúlé Gẹ̀ẹ́sì Títí Dé Ìbàdàn?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọ̀rọ̀ bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín. Kò sí ibi tí òwe yìí ti ń ṣẹ tó inú ilé, lọ́dọ̀ ìyàwó tí owó ọbẹ̀ kò tó lọ́wọ́ rẹ̀, tí àlejò sì ti dé ẹnu ọ̀nà. Obìnrin tó ń gbé Bódìjà mọ ìtumọ̀ rẹ̀, èyí tó ń gbé Challenge náà sì mọ̀ ọ́n. Àwọn òǹkọ̀wé ti sọ ọ̀rọ̀ yìí di ìtàn ẹ̀fẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ti sọ ọ́ di eré ní Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín méjèèjì kò rí bákan náà, nítorí pé ẹni tó di kálàmù mú ní ibi kìíní kọ́ ló dì í mú ní ibi kejì.

Ìwé tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń tọ́ka sí nínú irú ìtàn yìí ni Diary of a Provincial Lady, tí E. M. Delafield kọ. Edmée de la Pasture ni orúkọ àbísọ obìnrin yìí, ọdún 1890 ni wọ́n sì bí i. Ó fẹ́ Paul Dashwood ní 1919, wọ́n gbé ní Malaya fún ìgbà díẹ̀, kí wọ́n tó padà sí Kentisbeare, abúlé kan ní agbègbè Devon. Nínú oṣù Kejìlá ọdún 1929 ni Time and Tide, ìwé ìròyìn ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ tí Lady Rhondda dá sílẹ̀ ní 1920, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìtàn náà jáde díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1930, ó ti di odidi ìwé.

Kò sí ogun nínú rẹ̀, kò sì sí olè. Obìnrin kan, tí a kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ló ń kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí lójoojúmọ́ sílẹ̀. Robert ọkọ rẹ̀, tó ń bójú tó ilẹ̀ àti oko fún Lady Boxe, olówó àdúgbò wọn, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ̀yìn ìwé ìròyìn ló máa ń sùn lọ sí. Alásè ń halẹ̀ pé òun ń lọ, ìyàwó àlùfáà dé, kò sì mọ ìgbà tí yóò dìde, owó tí obìnrin náà jẹ báńkì sì ń ga sí i. Nígbà tí gbèsè náà le tán, ó mú òrùka dáyámọ́ńdì tó jogún, ó lọ fi ṣe ohun ìdógò. Síbẹ̀, bí Lady Boxe bá wọlé, ẹ̀rín músẹ́ ni yóò fi pàdé rẹ̀. Ẹni tó ń kàwé yóò rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni yóò wá rí i pé iyì ni obìnrin náà ń fi gbogbo agbára rẹ̀ bò mọ́lẹ̀ kó má baà bọ́. Delafield kọ ìwé mẹ́ta mìíràn tẹ̀ lé e, ní 1932, 1934 àti 1940, kó tó kú ní 1943.

Ó yẹ kí àwọn ọmọ Yorùbá fiyè sí ọdún 1929 yẹn. Ọdún náà gan-an ni I. B. Thomas, olóòtú Akéde Èkó, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwọn lẹ́tà obìnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Ṣẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ jáde. Àwọn òǹkàwé gbà pé ẹni gidi ni, àwọn kan tilẹ̀ kọ̀wé sí i láti bá a kẹ́dùn. Ṣùgbọ́n Thomas fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́. Ní Devon, obìnrin ló fi ohùn obìnrin sọ̀rọ̀. Ní Èkó, ọkùnrin ló yá ohùn obìnrin lò.

Ní ti Ìbàdàn, ìyàwó ilé tó pa àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín jù lọ lórí ìtàgé ni Àmọ̀pé, nínú eré Wọlé Ṣóyínká tó ń jẹ́ The Trials of Brother Jero. Ọdún 1960 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é, ní gbọ̀ngàn Mellanby, nínú ọgbà Yunifásítì tó dojú kọ Agbowó. Ní 1963, ẹgbẹ́ Mbari, tí àwọn òǹkọ̀wé àti oníṣẹ́ ọnà dá sílẹ̀ lágbègbè Dùgbẹ̀ ní 1961, tẹ̀ ẹ́ jáde pẹ̀lú eré méjì mìíràn.

Bí Àmọ̀pé ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ ọkọ rẹ̀ ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀. Chume, ọkọ rẹ̀, jẹ́ olórí àwọn mẹ́séńjà ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, kò sì lè sọ gbólóhùn kan parí níwájú ìyàwó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ibi tí obìnrin Yorùbá yìí ti yàtọ̀ sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Devon. Obìnrin Gẹ̀ẹ́sì ń sá fún báńkì tó jẹ lówó. Àmọ̀pé ní tirẹ̀, oníṣòwò ni, òun ni wọ́n jẹ lówó. Wòlíì Jero ra ẹ̀wù àrán lọ́wọ́ rẹ̀, kò sanwó, ni obìnrin náà bá jókòó tì í lẹ́nu ọ̀nà láti àárọ̀. Wòlíì gba ojú fèrèsé bẹ́ sóde.

Ibẹ̀ ni ẹ̀rín eré náà wà, ibẹ̀ náà ni ìbànújẹ́ rẹ̀ wà. Ó pẹ́ tí Chume ti ń bẹ wòlíì rẹ̀ pé kó yọ̀ǹda fún òun láti na ìyàwó òun, wòlíì kò sì gbà. Ọjọ́ tí Jero mọ̀ pé Àmọ̀pé tó ń sin òun lówó ni ìyàwó Chume, ọjọ́ náà ló ní kó lọ nà án. Ṣóyínká kò gbè sẹ́yìn wòlíì náà; àgàbàgebè rẹ̀ ni ọfà eré náà ń ta sí jù lọ. Síbẹ̀, àwọn òǹwòran sábà máa ń bú sẹ́rìn-ín nígbà tí Chume bá gba àṣẹ náà, wọ́n á sì gbàgbé pé owó tí Àmọ̀pé ń bèèrè, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Alárìíwísí lásán ni wọ́n ń wò. Bó bá jẹ́ pé òun ló ń kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i lọ́jọ́ náà sílẹ̀, bóyá orí wòlíì nìkan ni ẹ̀rín ì bá dà lé.

Obìnrin tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ẹ̀fẹ̀ ní Ìbàdàn kò ṣọ̀wọ́n. Olóògbé Mabel Ṣẹ́gun, tí wọ́n bí ní Oǹdó ní 1930, gboyè ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1953. Ní 1965 ni My Father's Daughter, ìtàn ìgbà èwe wọn nínú ilé àlùfáà, jáde. Àwọn ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n sọ lórí rédíò nípa ìwà àwa ọmọ Nàìjíríà di ìwé ní 1977. Ní 1990, wọ́n dá ibùdó ìwádìí lórí ìwé àwọn ọmọdé sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Oṣù Kẹta ọdún 2025 ni wọ́n papò dà lẹ́ni ọdún márùndínlọ́gọ́rùn-ún. Ìwà àwùjọ ni màmá yìí fi ẹ̀fẹ̀ bá wí jù nínú àwọn ọ̀rọ̀ rédíò náà, kì í ṣe ọ̀ràn ìkòkò ọbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n fi hàn pé obìnrin lè pa ìlú lẹ́rìn-ín láìjẹ́ pé òun ni ìlú ń fi ṣe ẹlẹ́yà.

Ohun tí irú ìwé Delafield lè dá lé pọ̀ nílẹ̀ ní Ìbàdàn. Iye tí wọ́n ń pe tòmátò lọ́jà Bódìjà láàárọ̀ yàtọ̀ sí ti ìrọ̀lẹ́. Iná lọ nígbà tí aṣọ iléèwé àwọn ọmọ ṣì tutù. Owó àjọ tó yẹ kó kó lóṣù yìí ti di owó iléèwé, aṣọ ẹbí ẹgbẹ́ sì dé lọ́jọ́ kan náà. Baálé ilé jókòó pẹ̀lú ìwé ìròyìn lójú, bí i Robert, ó ní ṣé oúnjẹ ti jinná. Ẹlòmíràn lè sọ ìtàn yìí, yóò sì dùn létí. Ṣùgbọ́n ojú olójú kì í jọ ojú ẹni: ìyàwó ilé tó ṣírò owó náà títí ilẹ̀ fi mọ́ nìkan ló mọ ibi tí ẹ̀rín ti yẹ kó bẹ̀rẹ̀.