Ìtọ́jú àgbébọ̀ aláìsàn

Ìtọ́jú àgbébọ̀ aláìsàn jẹ́ apá kan nínú iṣẹ́ ọ̀sìn adìẹ. Ó kan dídá àìsàn mọ̀ lára adìẹ kan, títọ́jú rẹ̀, àti dídáàbò bo àwọn tí wọ́n jọ ń gbé. Nínú agbo kékeré tí wọ́n ń sìn ní ẹ̀yìnkùlé, adìẹ 5 sí 20 lè máa mu omi nínú abọ́ kan náà, kí wọ́n sì jọ máa sùn sí ojú kan. Ìdí nìyí tí ohun tí olówó wọn bá ṣe ní ọjọ́ kìn-ín-ní fi sábà máa ń lágbára ju òògùn tó bá rà lẹ́yìn náà lọ.

Àmì àìsàn

Adìẹ kì í tètè fi àìsàn hàn. Èyí tó bá ń ṣe òjòjò lójú àwọn yòókù, wọ́n a máa ṣá a ní àgógó, wọ́n a sì lé e kúrò nídìí oúnjẹ. Nítorí náà a máa fara dà á títí agbára rẹ̀ yóò fi tán. Nígbà tí ó bá ń dá dúró sí kọ̀rọ̀, tí ó wú ìyẹ́ rẹ̀ bí ẹni pé òtútù ń mú un, tí ojú rẹ̀ ń pa dé, tí ogbe rẹ̀ sì ti ṣì, àìsàn náà lè ti wà lára rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan.

Òwúrọ̀ kùtù ni àyẹ̀wò dára jù. Àgbébọ̀ tí ara rẹ̀ le yóò sáré jáde síbi àgbàdo. Àpò oúnjẹ tó wà nísàlẹ̀ ọrùn rẹ̀ máa ń kún ní alẹ́, ó sì yẹ kí ó ti ṣófo ní òwúrọ̀. Bí ó bá ṣì kún tí ó sì le, oúnjẹ kò lọ. Ìyẹ́ máa ń bo ara tó ti gbẹ mọ́lẹ̀, nítorí náà ọwọ́ ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n: egungun àyà adìẹ tó ti rù máa ń yọ ṣóńṣó.

Àgbébọ̀ tó ń sàba kì í ṣe aláìsàn, bó tilẹ̀ jọ ọ́. Nǹkan bí ọjọ́ 21 ni yóò fi jókòó lórí ẹyin. Kì í jẹun púpọ̀, a sì máa wú ìyẹ́ sí ẹni tó bá sún mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ a máa là kedere, ìbínú rẹ̀ kò sì dín.

Ìyàsọ́tọ̀ àti ìtọ́jú

Wọ́n gbọ́dọ̀ mú aláìsàn kúrò láàárín agbo kí wọ́n tó mọ orúkọ àìsàn rẹ̀ rárá. Àgò kan ní ibi gbígbẹ, tí òjò àti oòrùn kò dé, ti tó. Abọ́ omi rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Àwọn tí ara wọn le ni wọ́n ń kọ́kọ́ fún lóúnjẹ, aláìsàn ló ń kẹ́yìn, nítorí ọwọ́ àti bàtà a máa gbé àrùn kiri.

Omi ló ṣáájú oúnjẹ. Rírọ ọ́ sí i lọ́fun léwu, nítorí ihò ọ̀nà èémí adìẹ wà lẹ́yìn ahọ́n rẹ̀ gan-an. Omi tó bá gba ibẹ̀ wọ ẹ̀dọ̀fóró lè yá a pa ju àìsàn lọ. Kíkán an díẹ̀díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àgógó, kí ó máa fúnra rẹ̀ gbé e mì, ló dára.

Bí ẹyin bá há sínú àgbébọ̀, a máa tiraka láti yé, kò sì ní rí i yé. Gbígbé ìdí rẹ̀ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 lè mú kí iṣan rẹ̀ dẹ̀. Kò yẹ kí wọ́n fọ́ ẹyin náà sí i nínú. Àìtó kálísíọ́ọ̀mù wà lára ohun tó ń fà á. Èèpo ẹyin tàbí ìkarahun ìgbín tí wọ́n lọ̀ mọ́ oúnjẹ a máa dènà rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, pàápàá lára àwọn ọmọ adìẹ, sábà máa ń tọ́ka sí coccidiosis, tí òògùn amprolium ń ṣẹ́gun bí wọ́n bá tètè lò ó.

Lúkúlúkú

Àjàkálẹ̀ tí àwọn àgbà ń pè ní lúkúlúkú ni ọlọ́sìn ń bẹ̀rù jù. Lóde òní, àrùn Newcastle ni wọ́n sábà máa ń pè bẹ́ẹ̀. Orúkọ yìí wá láti ìlú Newcastle upon Tyne ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ó ti jà ní ọdún 1926. Ní Nàìjíríà, agbègbè Ìbàdàn ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣàkọsílẹ̀ rẹ̀, láàárín ọdún 1952 sí 1953. Ìgbẹ́ aláwọ̀ ewé, mímí gúlegúle, ọrùn tó lọ́ àti ẹsẹ̀ tó rọ wà lára àmì rẹ̀, ìgbà ọyẹ́ ló sì sábà máa ń jà jù. Ó lè pa gbogbo agbo tí kò gba àjẹsára.

Kò sí òògùn tó ń wò ó. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á, nítorí náà kápúsù èèyàn tí àwọn kan ń tú sínú omi adìẹ kò lè ṣe é ní nǹkan kan. Òògùn náà a sì tún máa kù sínú ẹyin àti ẹran tí àwọn ará ilé yóò jẹ. Àjẹsára nìkan ni ààbò, kò sì wúlò fún èyí tí àrùn ti mú. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìṣègùn ẹranko ti ìjọba àpapọ̀ ní Vom, Ìpínlẹ̀ Plateau, ń ṣe é. Wọ́n ń kán an sójú adìẹ tàbí kí wọ́n pò ó mọ́ omi mímu.

Bí adìẹ kan bá kú, ọ̀pọ̀ olówó adìẹ a yára kó àwọn yòókù lọ sọ́jà kí gbogbo wọn má baà kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ohun tó ń mú wọn ṣe é yéni, nítorí nínú ọ̀pọ̀ ilé, adìẹ ni owó ìwé ọmọ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ọjà yìí gan-an ni àrùn ń gbà dé abúlé mìíràn. Adìẹ tí wọ́n bá rà wọlé gbọ́dọ̀ dá gbé fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó kéré tán, kí ó tó dara pọ̀ mọ́ agbo.

Bí adìẹ púpọ̀ bá kú lójijì, ó lè jẹ́ àrùn ọ̀fìnkìn ẹyẹ H5N1, tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní Nàìjíríà ní oṣù kejì ọdún 2006, tó sì lè ran ènìyàn. Ọwọ́ lásán kò gbọ́dọ̀ kan òkú wọn, wọn kò sì gbọ́dọ̀ pa èyí tó ń ṣàìsàn jẹ. Dókítà ẹranko ìjọba ìbílẹ̀ ni wọ́n ń fi tó létí, kí wọ́n tó sin òkú náà sínú kòtò jíjìn tí ajá kò lè hú.