Dọ́là Méjì

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 9 oṣù kìíní ọdún 1966. Rédíò ń kéde ọ̀rọ̀ kan ní ìlú Hattiesburg, ìpínlẹ̀ Mississippi. Ẹni tó bá fẹ́ san dọ́là méjì rẹ̀, kó gba ṣọ́ọ̀bù Vernon Dahmer lọ. Ẹni tí kò bá sì ní, Dahmer á bá a san án.

Owó òógùn ojú rẹ̀ ni. Ẹni ọdún 57 ni, ó ń dáko òwú, ó ní ṣọ́míìlì, ó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Ọmọ mẹ́jọ ló bí. Mẹ́rin nínú wọn ń ṣe ṣọ́jà fún Amẹ́ríkà.

Alẹ́. Dahmer àti Ellie ìyàwó rẹ̀ sùn. Ìbọn wà nítòsí. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń gbọ́ ìhàlẹ̀. Ìgbà kan wà tó jẹ́ pé bí ọ̀kan bá sùn, èkejì á máa ṣọ́nà. Lálẹ́ yìí, àwọn méjèèjì ló sùn.

Nǹkan bí aago 2 òru. Mọ́tò méjì yọ. Àwọn ọkùnrin inú wọn gbé bẹntiróòlù dání. Gíláàsì fèrèsé fọ́. Iná sọ nínú ilé, ó sọ nínú ṣọ́ọ̀bù. Ìbọn ń dún níta.

Dahmer mú tiẹ̀. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà nínú ooru iná, ó ń yìnbọn padà. Ó yìn ín títí ìyàwó àtọmọ fi ráyè gba fèrèsé ẹ̀yìn jáde. Bettie, ọmọ ọdún 10, ni iná ti jó lápá. Wọ́n sá pamọ́ sínú abà.

Ìkánjú mú àwọn tó wá. Wọ́n yìnbọn lu táyà mọ́tò ara wọn. Ìbọn ìléwọ́ ọ̀kan já sílẹ̀, kò padà wá mú un.

Ilẹ̀ mọ́. Ilé ti di eérú. Nílé ìwòsàn, ojú ń rí ibi tí iná ti jó Dahmer. Èyí tó le jù wà nínú: ó ti fa iná àti èéfín sínú ẹ̀dọ̀fóró. Síbẹ̀ ó ń sọ̀rọ̀. Ohun tó ti ń sọ tipẹ́ náà ló ń sọ: ẹni tí kò bá dìbò, wọn kì í kà á mọ́ èèyàn.

Ọ̀sán. Dahmer kú.

Àwọn ọmọ mẹ́rin tó jẹ́ ṣọ́jà wálé. Fọ́tò wọn ṣì wà: wọ́n wọ aṣọ ológun, wọ́n dúró láàárín àwókù ilé bàbá wọn.

Owó orí ni dọ́là méjì náà. Ẹni tí kò bá san án nígbà náà kò lè dìbò ìpínlẹ̀ ní Mississippi. Dahmer kò jẹ èrè kankan nínú rẹ̀. Ó kàn fẹ́ kí aládùúgbò rẹ̀ tó jẹ́ tálákà lè dìbò ni, wọ́n sì dáná sun ún nítorí ẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún náà gan-an, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Amẹ́ríkà dájọ́ pé ìpínlẹ̀ kankan kò gbọdọ̀ gba owó kí èèyàn tó dìbò.

Ku Klux Klan, ẹgbẹ́ aláwọ̀ funfun tí kò fẹ́ kí aláwọ̀ dúdú máa dìbò, ló wá lóru ọjọ́ yẹn. Ìbọn tó já sílẹ̀ wà lára ohun tó tú wọn fó. Ṣùgbọ́n ọdún 1998 ni wọ́n tó dá Sam Bowers, ọ̀gá tó rán wọn níṣẹ́, lẹ́bi. Ellie wà láàyè láti rí i. Àwọn ará àdúgbò rẹ̀ ti dìbò yàn án nígbà náà, ó ti di kọmíṣọ́nnà ètò ìdìbò.